Ohun Tó Wà Níkùn Ẹja

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú. Àbúrò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Atlanta láti Houston ló fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹja ní Lake Lanier, adágún tó wà nítòsí wa níbí. Ìdẹ wo ló dára jù tí mo lè rà?" Mo tẹ èsì, mo pa á rẹ́. Mo tẹ òmíràn, mo tún pa á rẹ́. Bí mo bá ní kó ra spinnerbait, ìdẹ oníwáyà tó ní irin pẹlẹbẹ tó ń yí, òótọ́ ni mo sọ. Bí mo bá ní kó má wulẹ̀ náwó lé spinnerbait lórí, òótọ́ náà ni. Ọ̀rọ̀ tó bá rí báyìí, ìbéèrè fúnra rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò.

Ẹni tó bá ti wọ ilé ìtajà ohun èlò ìpẹja rí nílẹ̀ Amẹ́ríkà mọ ohun tí mò ń wí. Ìdẹ àtọwọ́dá ni wọ́n so kọ́ ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè: ekòló rọ́bà, ẹja onígi, ẹja oníke, ọ̀pọ̀lọ́ tó gbé ìwọ̀ méjì pọ̀n, irin pẹlẹbẹ tó ń kọ mànà. Oríṣiríṣi ọ̀bẹ là ń rí lọ́jọ́ ikú erin, àmọ́ níbí, erin ò tíì kú, ọ̀bẹ ti kún ilẹ̀. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀-àwọ̀, torí ojú èèyàn ni ẹni tó ń bọ̀ wá rà á ní. Ẹja kì í wọ ilé ìtajà.

Ẹja méjì nínú omi kan

Ẹja méjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lé ní Lanier. Báàsì ni èkíní, yálà èyí tí wọ́n ń pè ní largemouth, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu agbọ̀n, tàbí ìbátan rẹ̀ alámì tótòtó, spotted bass. Stráípà ni èkejì, ẹja fàdákà gbọọrọ tó ní ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú omi kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ìgbé ayé wọn ò jọra rárá.

Alúgọ ni largemouth. Á sápamọ́ síbi tí igi wó sínú omi, tàbí sábẹ́ èbúté onípákó, á máa retí ohun tó máa kọjá. Kì í fẹ́ lé nǹkan jìnnà. Nítorí náà, ibi tó lúgọ sí gan-an ni ìdẹ gbọ́dọ̀ dé, àárín ẹ̀ka igi náà ni ìwọ̀ sì ti máa ń há. Ohun tó mú ekòló rọ́bà di ọba nìyẹn, láti ìgbà tí Nick Creme ti ṣe é ní Akron, Ohio, ní 1949. Ìwọ á ki òjé onímú ṣóńṣó síwájú rẹ̀, wàá fi ẹnu ìwọ̀ padà gún ara rọ́bà náà kó lè fara sin, kó máa yọ́ rìn láàárín igi láìhá mọ́ nǹkan kan. Ọ̀nà Texas ni wọ́n ń pè é. Bí mo bá ní owó ìdẹ kan ṣoṣo lápò, òun ni màá rà fún báàsì.

Stráípà kò nílé. Ẹja òkun ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀; ní etíkun Atlantic, inú omi oníyọ̀ ló ń gbé, á sì wọ inú odò wá yé ẹyin nígbà ìrúwé. Nígbà tí wọ́n sé odò Santee àti Cooper ní South Carolina ní nǹkan bí 1941, àwọn stráípà kan há sínú adágún tó kún lẹ́yìn ìsédò náà. Wọn ò rí òkun padà, síbẹ̀ wọ́n ń yé, wọ́n ń pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti rí i pé ẹja yìí lè gbé inú omi tí kò níyọ̀ títí ayé rẹ̀. Ti Lanier yàtọ̀ díẹ̀. Ẹyin stráípà gbọ́dọ̀ máa léfòó nínú omi tó ń ṣàn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kó tó pa, odò Chattahoochee lókè adágún náà kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Torí náà, ìjọba Georgia ló ń tọ́ ọmọ stráípà, tí wọ́n sì ń dà á sínú omi lọ́dọọdún. Kò sí stráípà kan nínú adágún yẹn tí kò jẹ́ pé èèyàn ló gbé e dé ibẹ̀.

Ara arìnrìn-àjò ló ṣì gbé wọ̀. Ọ̀wọ́ ni wọ́n ń rìn, ojú gbalasa ni wọ́n ti ń lé ẹja kéékèèké kiri, bí wọ́n bá wà níwájú rẹ láàárọ̀, wọ́n lè ti rin máìlì mélòó kan kí oòrùn tó kanrí. Kí ni ekòló rọ́bà tó ń rá pálá nídìí igi máa ṣe fún irú ẹja bẹ́ẹ̀?

Ọ̀bẹ Màámi

Mo mọ gbogbo èyí lórí. Ọjọ́ tó wọ̀ mí lára ni ọjọ́ tí Màámi gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

Wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ta ẹja kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ẹja àrọ̀, ẹ̀pìyà, ọ̀bọ̀kún, ohun tí omi bá ti mú wá. Ní ọjọ́ Sátidé kan nígbà tí igi ti ń wọ́wé, mo gbé ẹja méjì délé, stráípà kan àti spotted bass kan, òwúrọ̀ kan náà ni mo pa wọ́n. Mo tẹ́ wọn sórí pákó, mo ń múra láti gé ẹran ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, kí n sì da ìyókù nù.

"Àkànní, orí ńkọ́?"

"Màámi, àwọn èèyàn ibí kì í jẹ orí."

"Ṣé èèyàn ibí ló bí ẹ ni? Gbé ọ̀bẹ yẹn wá."

Wọn ò tíì ha ìpẹ́ tí wọ́n ti la ikùn rẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ wọn láti kékeré láìbéèrè ìdí. Ẹja tó yó kì í pẹ́ bàjẹ́, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bẹ́. Aláròóbọ̀ tí kò bá mọ ikùn ẹja, gbèsè ni yóò rà. Ti stráípà, ẹja kékeré mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní herring ló jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, funfun báláú, wọ́n gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi pẹ̀lú ìka, ọ̀kan ṣì tutù yọ̀yọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Màámi tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ sórí pákó. Ti báàsì, ẹsẹ̀ àti ọwọ́ crawfish ni, ẹran omi kékeré tó jọ alákàsà, tó ti fọ́ wẹ́wẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ pupa tó ṣú.

Wọ́n wo méjèèjì. "Ibì kan náà lo ti pa wọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Omi kan náà."

"Omi kan náà, ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Eléyìí ń jẹ nílẹ̀, ó ń họ ilẹ̀ jẹun. Èyí òkè ló ń nájà." Wọ́n nu ọwọ́. "Kí lo fi pa wọ́n?"

Mo gbé àpótí ìdẹ mi dé. Ẹni tó bá ń pẹja mọ̀ pé àpótí yẹn kì í fúyẹ́. Ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Màámi ò bèèrè orúkọ ìkankan. Wọ́n ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó jáde níkùn ẹja. Bucktail funfun kan, òjé tí wọ́n fi irun ìrù àgbọ̀nrín wé, wọ́n fi í sí ẹ̀gbẹ́ herring. Rọ́bà funfun gbọọrọ kan tẹ̀ lé e. Ìdẹ onírọ́bà aláwọ̀ ilẹ̀ tó ní ọwọ́ méjì, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ crawfish tó fọ́. Wọ́n wá ti àpótí náà sápá kan pẹ̀lú ìgbọ̀nwọ́.

"Ìyókù wọ̀nyí ńkọ́? Ta ni wọ́n wà fún?"

Kí n tó ronú èsì, wọ́n ti yíjú sí ata.

Ojú ẹja, etí ẹja

Ohun tí mo fi òru ọjọ́ náà rò ni pé Màámi ò wo àwọ̀ púpọ̀. Gígùn ni wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ìrísí, lẹ́yìn náà ibi tí nǹkan náà ti ń rìn, ilẹ̀ ni àbí òkè. Ìkẹyìn ni àwọ̀, "funfun" àti "aláwọ̀ ilẹ̀" sì ni gbogbo ohun tí wọ́n rí sọ nípa rẹ̀. Ilé ìtajà ní tiẹ̀, àwọ̀ ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Illinois dán ojú largemouth wò, wọ́n rí i pé irú sẹ́ẹ̀lì ìríran àwọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan ń gba àwọ̀ ewé, èkejì ń gba pupa. Ó mọ pupa yàtọ̀ dáadáa, ó mọ àwọ̀ ewé náà. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi dúdú mú fún búlúù. Àwọ̀ ìyeyè tó ń tàn yòò yẹn, èyí tí gbogbo apẹja ń sáré rà, ó máa ń ṣòro fún un láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ka gbogbo ìdẹ aláwọ̀ búlúù, dúdú, dúdú-olóbúlúù tó wà lára ògiri, kí o wá bi ara rẹ ẹni tí ìyàtọ̀ yẹn wà fún. Omi náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nínú omi tó mọ́, pupa ni àwọ̀ tó ń kọ́kọ́ kú bí a bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Ìdẹ pupa fòò tó ń dán lọ́wọ́ rẹ lórí ilẹ̀, bó bá dé ìsàlẹ̀ dáadáa, á ṣú.

Ìyẹn ló tún tú spinnerbait fún mi, ìdẹ tí kò jọ ohunkóhun tí Ọlọ́run dá. Wáyà tó tẹ̀, orí òjé, yẹrí rọ́bà, àti irin pẹlẹbẹ tó ń yí bírí. Bí a bá la ikùn gbogbo ẹja inú Lanier, a ò ní bá irú rẹ̀ níbẹ̀. Etí ni ó wà fún. Ẹja ní ìlà kan láti ẹ̀gbẹ́ orí títí dé ìdí ìrù tó fi ń mọ bí omi ṣe ń mì. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí odò Chattahoochee àti Chestatee bá gbé ilẹ̀ pupa Georgia wọ òkè adágún, ojú ò ríran mọ́, ìlà yẹn ló kù. Irin róbótó tí wọ́n ń pè ní Colorado máa ń lu omi kìkì, ẹja á gbọ́ ọ kó tó rí i. Irin tó rí bí ewé, willow, kì í lù tó bẹ́ẹ̀, dídán ló mọ̀ ọ́n dán, ó sì lè yára. Ní ìsàlẹ̀ adágún, nítòsí ìsédò Buford, níbi tí omi ti mọ́ gaara, n kì í ju Colorado rárá. Ariwo lásán ni níbẹ̀.

Mo ní láti fi òótọ́ sọ pé ikùn ẹja kì í sọ gbogbo nǹkan. Nígbà ìrúwé, báàsì tó ń ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ kì í wá oúnjẹ. Ohun tó bá sún mọ́ ẹyin rẹ̀ ló ń bù jẹ láti lé e lọ. Aláǹgbá rọ́bà tí èèyàn wọ́ gba ojú ìtẹ́ kọjá, ìbínú ló fi ń gbá a mú. Mo sọ fún Màámi. Wọ́n ní, "Ìyẹn kì í ṣe ẹja pípa, ìjà lo wá bá ìyá ọlọ́mọ jà nílé ẹ̀." Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́ sí irú ìpẹja bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ò dè é.

Nígbà tí àjèjì dé ọjà

Herring tí Màámi tò sórí pákó kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ ní Lanier. Adágún náà fúnra rẹ̀ kò tíì pẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ológun Amẹ́ríkà ló sé Chattahoochee ní àwọn ọdún 1950. Spotted bass, àjèjì. Stráípà, àjèjì. Blueback herring, ẹja etíkun Atlantic, àjèjì tí èèyàn gbé wọlé. Nígbà tí herring pọ̀ sí i, spotted bass tó jẹ́ ará ìdí àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í jáde sí gbalasa láti máa lé e, wọ́n sì ń sanra sí i. Àwọn apẹja tó mọṣẹ́ wá ń ju ìdẹ ńlá tó ń rìn lójú omi sórí ibi tó jìn tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, ohun tí ẹni tó kọ́ báàsì ní adágún mìíràn máa pè ní wèrè.

Èyí ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìdẹ "tó dára jù" tí baba ẹnìkan fi lé e lọ́wọ́ lè jẹ́ òótọ́ pátápátá ní ọjọ́ tó fi lé e lọ́wọ́. Ẹja ò yí padà, oúnjẹ rẹ̀ ló yí padà, òun náà sì kó tẹ̀ lé e. Mo rí i nínú ẹgbẹ́ wa níbí náà: àwọn àgbà tó mọ ọ̀nà iṣẹ́ bí ẹni mowó ní Atlanta ìgbà tiwọn, tí wọ́n ṣì ń fi ọ̀nà yẹn han àwọn tó dé lánàá. Wọn ò parọ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì bá wọn la ikùn ọjà náà wò láti ìgbà yẹn ni.

Ní June 2, 1932, George Perry, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan ní Georgia níbí, mú largemouth tó wọn pọ́n-ùn 22 àti áńsì 4 ní Montgomery Lake, lẹ́bàá odò Ocmulgee. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀pá kan àti ìdẹ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń pín lò. Ó gbé ẹja náà délé, ìdílé rẹ̀ sì jẹ ẹ́. Títí di 2009, kò sẹ́ni tó bá a dọ́gba, àfi ìgbà tí Manabu Kurita mú èyí tó fi díẹ̀ ju tiẹ̀ lọ ní adágún Biwa ní Japan. Àlékún náà kò tó áńsì méjì tí òfin béèrè, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹja tó tóbi jù lágbàáyé wá ní kí àwọn méjèèjì jọ di ipò náà mú. Mo sọ ìtàn Perry fún Màámi. Ìdẹ kan ṣoṣo yẹn ò yà wọ́n lẹ́nu. Inú wọn dùn pé ìdílé Perry jẹ ẹja náà.

Okùn àti ọ̀pá

Níbi ọ̀pá àti ríìlì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Fún báàsì nídìí igi, ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà méje tó le díẹ̀, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló ń tẹ̀, pẹ̀lú okùn fluorocarbon pọ́n-ùn 12 sí 15, ìyẹn ìwọ̀n tó lè gbà kó tó já. Okùn yìí máa ń rì, kì í hàn púpọ̀ nínú omi, ó sì lè fara da kí igi máa ha á. Fún omi tó mọ́ gaara, ríìlì spinning, èyí tó máa ń rọ̀ sábẹ́ ọ̀pá, okùn oníwíwun tẹ́ẹ́rẹ́, kí o so fluorocarbon pọ́n-ùn 8 mọ́ ìparí rẹ̀.

Stráípà ni kò gba àwàdà. Báàsì á fò, á gbọn orí, á fẹ́ sá wọ ìdí igi. Ìjà náà kì í pẹ́. Stráípà á kọjú sí ọ̀nà òkun tí kò rí rí, á sì máa lọ. Bí drag ríìlì rẹ, bíréèkì tó ń ṣàkóso okùn, bá ń di, tí kò jẹ́ kí okùn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, okùn á já tàbí kí ìwọ̀ tọ́. Lórí drag yìí ni mo ti ń náwó. Ọ̀pá tó rọ̀ láàárín, okùn pọ́n-ùn 15 sí 20, ríìlì tó gba okùn púpọ̀. Ìdẹ rẹ̀ ò tó nǹkan: bucktail láti ìdajì áńsì dé áńsì kan, àti ẹja rọ́bà funfun bíi Fluke tí ilé iṣẹ́ Zoom ń ṣe ní Bogart, ìlú kékeré kan létí Athens ní Georgia níbí.

Àbúrò mi gba èsì rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ohùn ni mo fi ránṣẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìpẹja, torí ẹni tó bá ti pé ọdún 16 ní Georgia kò gbọ́dọ̀ pẹja láìní in. Kó ra ekòló rọ́bà àpò kan, bucktail funfun méjì, àti ọ̀bẹ tó mú. Kó má tíì ra nǹkan mìíràn títí yóò fi la ikùn ẹja àkọ́kọ́ tó bá jẹ.

Ká dá a padà àbí ká jẹ ẹ́

Ohun kan ṣoṣo lèmi àti Màámi ò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn apẹja báàsì níbí máa ń dá ẹja padà sómi. Màámi ní, "Ẹ mú un, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ dá a padà? Kí ni ẹ wá lọ ṣe?" Mo ṣàlàyé pé báàsì tí wọ́n bá fi sùúrù dá padà sábà máa ń yè, àti pé ó dára kí àwọn tó ti dàgbà ṣẹ́kù. Wọ́n gbọ́, wọn ò gbà.

Ní ti stráípà nígbà ooru, Màámi ni mo gbè lẹ́yìn. Ní July, ojú omi Lanier máa ń gbóná, stráípà á lọ máa gbé ìsàlẹ̀ níbi tí omi ti tutù. Bí o bá fi agbára fà á gba inú omi gbígbóná jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n bá dá padà nígbà yẹn ni kì í yè, bó tilẹ̀ wẹ̀ lọ lójú rẹ. Òfin Georgia gbà pé kí èèyàn mú 15 lójúmọ́, stráípà àti àwọn ìbátan rẹ̀ lápapọ̀, tí méjì péré nínú wọn lè gùn tó ínǹṣì 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kì í dúró de òfin mọ́. Nígbà ooru, okùn tó nípọn ni mò ń lò kí ìjà má bàa pẹ́, ìwọ̀n ìkòkò ni mò ń pa, bó bá ti tó, màá ká okùn nílẹ̀, wọn ì báà ṣì máa jẹ.